Owó Ń Bẹ ní Lomé, Ilẹ̀ Ń Bẹ ní Abúlé: Ta Ni Yóò Ṣe Onígbọ̀wọ́?

Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà títì tó ti Lomé lọ sí Atakpamé, tó kọjá Tsévié àti Notsé, yóò rí ohun kan tí ó ti mọ́ wa lójú débi pé a kì í béèrè ìdí rẹ̀ mọ́. Ilé tí kò parí ni. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti dúró, ògiri ti dé ojú fèrèsé, irin ti yọrí síta lára òpó, ṣùgbọ́n koríko ti hù nínú yàrá. Ẹni tó ni ilé náà kò kú, kò sì sá lọ. Ó wà ní Lomé, ní Cotonou, ní Abidjan tàbí ní Libreville, níbi tó ti ń tọ́jú owó sìmẹ́ńtì ọdún tó ń bọ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ lè gba ọdún mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí páànù tó gun orí rẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kì í sùn nínú rẹ̀ rí.

Ní ilẹ̀ òkèèrè, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa yá owó, wọn a kó wọ ilé, wọn a sì máa san gbèsè náà díẹ̀díẹ̀ nígbà tí wọ́n ti ń gbé inú rẹ̀. Ní tiwa, à ń san owó ilé tí a kò tíì gbé, a sì tún ń san owó ilé onílé tí à ń gbé, lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ̀rọ̀ lónìí lórí ẹ̀yáwó ilé tí ìjọba ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún, pàápàá fún ará ìgbèríko. Kí ni irú ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀? Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é níbi tó ti yọrí sí rere? Kí ló sì dé tí kò fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ará wa ní Atakpamé, ní Anié àti ní Kambolé?

Onígbọ̀wọ́ kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa

Kí báǹkì tó dé etí òkun yìí ni àwọn baba wa ti ní ọ̀nà tiwọn láti kọ́ ilé. Wọ́n ní àáró, nínú èyí tí ẹgbẹ́ ń ṣiṣẹ́ fún ara wọn ní ìtò-ìtò. Wọ́n ní ọ̀wẹ̀, nínú èyí tí onílé yóò pe àna, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò láti wá gún amọ̀, kí wọ́n mọ ògiri, kí wọ́n sì bo òrùlé, tí òun yóò sì fi oúnjẹ àti ẹmu ṣe wọ́n lálejò. Wọ́n ní èsúsú fún owó. Bí owó náà bá pọ̀ ju ohun tí èsúsú lè gbé lọ, ẹni tó fẹ́ yá a ní láti wá onígbọ̀wọ́, ìyẹn ẹni tí olówó mọ̀ dáadáa, tí yóò dúró fún un pé bí ó bá kùnà, òun ni kí wọ́n wá bá.

Ẹni tí kò bá rí onígbọ̀wọ́ a máa fi ohun ìní dógò, tàbí kí ó fi ọmọ tàbí ara rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Samuel Johnson sọ̀rọ̀ nípa èsúsú àti ìwọ̀fà nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ẹ̀kọ́ kan wà nínú ìwọ̀fà tó yẹ kí a fi sọ́kàn. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe kì í dín gbèsè kù. Èlé lásán ni iṣẹ́ náà jẹ́, ojú owó a ṣì wà nílẹ̀ bó ṣe wà. Ìyàtọ̀ ńlá ló wà láàárín ẹni tó ní onígbọ̀wọ́ àti ẹni tí kò ní, nítorí ẹnì kan yá owó ó sì wà ní òmìnira, ẹnì kejì yá owó ó sì di ẹrú èlé.

Ohun tí ìjọba ń ṣe nínú ẹ̀yáwó ilé kò ju èyí lọ. Kì í pín ilé fúnni, kì í sì í fi owó tọrẹ. Ó ń dúró lẹ́yìn tálákà níwájú báǹkì, bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń dúró lẹ́yìn àbúrò níwájú olówó.

Ohun tí wọ́n ṣe ní ìgbèríko Amẹ́ríkà

Ní 1949, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin kan lórí ilé gbígbé. Abala karùn-ún rẹ̀ dá lórí àwọn àgbẹ̀ àti ará ìgbèríko, nítorí wọ́n ti rí i pé báǹkì kò ka ilé abúlé sí. Lónìí, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀ràn àgbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní USDA, ló ń ṣe ètò náà. Ọ̀nà méjì ló ní. Nínú ọ̀nà kìíní, ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń yá àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré lówó. Wọ́n lè fi ọdún 33 san án, tàbí ọdún 38 fún àwọn tí agbára wọn kò ká ti 33. Nínú ọ̀nà kejì, báǹkì ló ń yáni lówó, ìjọba sì ń ṣe onígbọ̀wọ́ títí dé ìdá 90 nínú 100 owó náà. Ẹni tó fẹ́ ra ilé kò ní láti kó owó kankan sílẹ̀ ṣáájú.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ètò yìí wà fún. Ní ọ̀nà kejì, owó tó ń wọlé fún agboolé kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 115 nínú 100 owó tó ń wọlé fún agboolé tó wà ní àárín gbùngbùn ní agbègbè náà. Ilé ọ̀hún gbọ́dọ̀ wà ní ìgbèríko, onílé sì gbọ́dọ̀ máa gbé inú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìgbọ̀wọ́ náà kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ìdá 1 nínú 100 owó náà ni wọ́n ń gbà ní ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìdá 0.35 lọ́dọọdún. Inú owó kékeré tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń dá yìí ni wọ́n ti ń san àdánù àwọn díẹ̀ tó bá kùnà. Ẹ ò rí i pé èsúsú ni, bí ó tilẹ̀ wọ aṣọ òyìnbó?

Ṣùgbọ́n ohun kan wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀ tí ojú kì í tètè rí. Ní Amẹ́ríkà, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ onílẹ̀ sí. Bí báǹkì bá fẹ́ mọ ẹni tó ni ilẹ̀ kan, inú ìwé náà ni yóò yẹ̀ wò, yóò sì mọ̀ bóyá gbèsè mìíràn wà lórí rẹ̀. Ìgbọ̀wọ́ ìjọba dúró lórí ìwé yẹn gẹ́gẹ́ bí ògiri ṣe ń dúró lórí ìpìlẹ̀.

Nàìjíríà: ètò tó dára, ẹnu ọ̀nà tó há

Nàìjíríà, ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ṣẹ̀ wá, kò ṣàìgbìyànjú. Báǹkì tí ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀yáwó ilé, Federal Mortgage Bank, ti wà láti 1956 lábẹ́ orúkọ mìíràn, ó sì gba orúkọ tó ń jẹ́ lónìí ní 1977. Ní 1992, wọ́n ṣe òfin National Housing Fund. Lábẹ́ òfin yìí, òṣìṣẹ́ yóò máa dá ìdá 2.5 nínú 100 owó oṣù rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ẹ̀yáwó, ní èlé ìdá 6 lọ́dún, ó sì lè fi tó ọgbọ̀n ọdún san án. Ẹni tó bá mọ iye èlé tí àwọn báǹkì yòókù ń gbà ní Nàìjíríà yóò mọ̀ pé ìdá 6 jẹ́ àánú ńlá.

Síbẹ̀, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ há. Láti 1978 tí òfin ilẹ̀, Land Use Act, ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí abẹ́ àkóso gómìnà, ẹni tó bá fẹ́ fi ilẹ̀ dógò nílò ìwé àṣẹ, ó sì nílò ìyọ̀ǹda ìjọba pẹ̀lú. Àgbẹ̀ tó jogún ilẹ̀ baba rẹ̀ ní Òkè Ògùn kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Alájàpá kò ní owó oṣù tí wọn yóò yọ ìdá 2.5 lára rẹ̀, àfi bí ó bá wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ètò náà mọ̀. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ tó ní owó oṣù ní ìlú ńlá ni ẹsẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń dé ibẹ̀.

Lomé ni orísun owó wà

Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ pé ilé iṣẹ́ tó ń pèsè owó ẹ̀yáwó ilé fún gbogbo agbègbè wa wà ní Lomé níbí. Orúkọ rẹ̀ ni Caisse Régionale de Refinancement Hypothécaire, CRRH-UEMOA. BOAD, báǹkì ìdàgbàsókè tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní ìlú yìí, ló ṣe agbátẹrù rẹ̀, wọ́n sì dá a sílẹ̀ ní 2010 fún àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ UEMOA tó jọ ń ná fráǹkì CFA.

Iṣẹ́ tó ń ṣe rọrùn láti yé ẹni tó bá mọ ọjà. Owó tí a kó pamọ́ sí báǹkì jẹ́ owó tí a lè wá gbà lọ́la. Bí báǹkì bá fi owó ọ̀la yá ẹni tí yóò san án tán ní ogún ọdún, ọjọ́ tí àwọn olówó bá dé lójijì, ojú yóò ti báǹkì náà. Ìdí nìyí tí ẹ̀yáwó ilé ní agbègbè wa fi kúrú tó sì wọ́n. CRRH ń lọ sí ọjà owó agbègbè wa, ó ń yá owó ọlọ́jọ́ gígùn níbẹ̀, ó sì ń fi í fún àwọn báǹkì tí wọ́n ti yá àwọn oníbàárà wọn lówó ilé. Ní 2017, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 155 dọ́là fún iṣẹ́ yìí ní UEMOA, kí ẹ̀yáwó ilé lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tí owó wọn kò pọ̀.

Omi ti wà nínú kànga, ṣùgbọ́n okùn kò dé abúlé. Ọwọ́ báǹkì ni CRRH ń fi owó sí, báǹkì sì ń wá oníbàárà tó ní owó oṣù àti ìwé ilẹ̀. Ní apá kejì, Tógò dá FNFI sílẹ̀ ní 2014, owó tí ìjọba dúró lẹ́yìn rẹ̀ láti ran tálákà lọ́wọ́. Èyí dé abúlé ní tòótọ́. Àwọn ìyá wa tó ń ta gàrí àti ata mọ APSEF, tí wọ́n ń yá ní ẹgbẹ́-ẹgbẹ́, bẹ̀rẹ̀ láti 30,000 fráǹkì. Ṣùgbọ́n òwò ni wọ́n dá ìyẹn sílẹ̀ fún, oṣù díẹ̀ ni wọ́n sì fi ń san án. Láàárín 30,000 ti ìyá aláta àti ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ti òṣìṣẹ́ báǹkì, àlàfo gbalasa ló wà. Inú àlàfo náà ni ilé tí kò parí wọ̀nyẹn dúró sí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó. A mú 5,000,000 fráǹkì gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ lásán. Bí a bá yá a ní èlé ìdá 10 lọ́dún fún ọdún méje, nǹkan bí 83,000 ni a ó máa san lóṣù, àpapọ̀ rẹ̀ yóò sì súnmọ́ 6,970,000. Bí èlé bá jẹ́ ìdá 6 tí ọdún sì jẹ́ ogún, nǹkan bí 35,800 ni a ó máa san lóṣù, ṣùgbọ́n àpapọ̀ rẹ̀ yóò tó 8,600,000. Ẹ̀yin náà rí i: ọjọ́ gígùn ń mú ẹrù fúyẹ́ lórí, ṣùgbọ́n ó ń mú ọ̀nà jìn. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin Tógò gbà láyè láti oṣù kìíní 2023 jẹ́ 52,500. Bí a bá tẹ̀ lé ìlànà tí ọ̀pọ̀ báǹkì ń lò, pé kí gbèsè má ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù lọ, ẹni tó ń gba iye yìí lè san 17,500 lóṣù. Ní èlé ìdá 6 fún ogún ọdún, ìyẹn yóò gbé ẹ̀yáwó nǹkan bí 2,440,000. Kò tó láti ra ilé ní Lomé. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ti ní ilẹ̀ ní abúlé, tí ògiri rẹ̀ sì ti dúró, ó tó láti fi sún iṣẹ́ náà síwájú gan-an.

Ìdí abájọ: ilẹ̀ tí kò ní ẹlẹ́rìí

Nígbà náà, kí ló ń dí ẹ̀yáwó kékeré bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́? Lójú tiwa, ìwé ilẹ̀ ni olórí ìdènà. Báǹkì kò lè gba ilẹ̀ tí kò mọ ẹni tó ni ín gẹ́gẹ́ bí ohun ìdógò, ìjọba kò sì lè gbọ̀wọ́ fún ohun tí báǹkì kò gbà. Ta ni nínú wa tí kò tíì rí ilẹ̀ kan ní Lomé tí wọ́n tà fún ẹni méjì? Ní abúlé, ọ̀rọ̀ náà tún yàtọ̀. Gbogbo ènìyàn mọ ẹni tó ni ilẹ̀, ṣùgbọ́n inú orí àwọn àgbà ni ìmọ̀ náà wà. Igi àràbà ni ààlà, odò ni ààlà, ẹ̀rí baba àgbà sì ni ìwé. Lọ́jọ́ tí baba bá papò dà, ìwé ti jóná nìyẹn, ẹjọ́ sì bẹ̀rẹ̀.

Tógò ṣe òfin ilẹ̀ tuntun, Code foncier et domanial, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà 2018. Wọ́n sì dá guichet foncier unique sílẹ̀, kí ẹni tó ń wá titre foncier má baà máa sáré láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n owó awọnlẹ̀, owó ìwé àti owó ọkọ̀ láti Kambolé dé Lomé lè ju owó tí àgbẹ̀ rí nínú òwú ọdún kan lọ. Kò sì sí òfin tó lè bá ẹbí parí ìjà ààlà tí ẹbí fúnra wọn kò tíì parí.

A kò gbọ́dọ̀ gbàgbé àwọn obìnrin wa. Òfin Tógò ti gba ọmọbìnrin láyè láti jogún baba rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń kọ orúkọ sí ìwé ilẹ̀, orúkọ àwọn ọkùnrin ni a sábà máa ń rí. Ìyá tó ti fi ogún ọdún ta ọjà ní Assigamé, tó sì fi èrè rẹ̀ mọ ògiri sórí ilẹ̀ ọkọ tàbí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò ní ohunkóhun tí yóò fi han báǹkì. Bí ìjà bá sì dé, kò ní ohun tí yóò fi han ilé ẹjọ́.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Àwọn àgbà ní àgbàtán là á gbọ̀lẹ, bí a bá dá aṣọ fún un, à pa á láró. Ìrànlọ́wọ́ tí kò dé òpin kì í ṣe ìrànlọ́wọ́. Bí ìjọba àti àwọn ilé iṣẹ́ wa bá fẹ́ kí owó tó wà ní Lomé dé ìgbèríko, ohun mẹ́ta ni a rò pé ó yẹ. Kí wọ́n fi ìgbọ̀wọ́ bo ẹ̀yáwó kékeré tí a fi ń parí ilé ní ìpele-ìpele, ti òrùlé lọ́tọ̀, ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé lọ́tọ̀, kì í ṣe ti ilé odindi nìkan. Kí wọ́n jẹ́ kí àgbẹ̀ máa san án ní ìgbà ìkórè, nígbà tí owó òwú, kòkó àti kọfí bá wọlé, dípò oṣooṣù bí ti òṣìṣẹ́ ìjọba. Kí wọ́n sì gbé awọnlẹ̀ àti olùkọ̀wé lọ bá àwọn abúlé, kí wọ́n wọn ilẹ̀ gbogbo abúlé kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí owó rẹ̀ lè kéré lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n a kò ní máa wo ojú ìjọba nìkan. Ẹbí tó bá ní ilẹ̀ ní abúlé, ẹ pe ìpàdé nígbà tí àwọn àgbà tó mọ ààlà ṣì wà láàyè. Ẹ rìn yí ilẹ̀ náà ká pẹ̀lú àwọn aládùúgbò, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹnu kò lé lórí sílẹ̀, kí gbogbo ẹ̀ka ẹbí fọwọ́ sí i, ọkùnrin àti obìnrin, kí ẹ sì mú un lọ sọ́dọ̀ olóyè àti àwọn aláṣẹ. Ìwé yẹn kò tíì di titre foncier, ṣùgbọ́n láìsí i, titre foncier yóò ṣòro láti rí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ èsúsú, ẹ máa kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde sílẹ̀ létòlétò, kí ẹ sì wọ inú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí òfin mọ̀. Ẹni tí ìwé èsúsú rẹ̀ bá fi hàn pé ó ti dáwó láìyẹ̀ fún ọdún márùn-ún ti fi ìwà rẹ̀ ṣe onígbọ̀wọ́ fún ara rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan kò yẹ kó gbẹ́yìn. Ilé tí a fi dógò lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ilé ẹbí gba owó láìjẹ́ pé gbogbo ẹbí mọ̀ tí wọ́n sì gbà. Kí a tó fọwọ́ sí ìwé kankan, kí a béèrè ohun mẹ́rin: iye tí a ó san lóṣù, iye tí yóò jẹ́ ní àpapọ̀, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí àìsàn tàbí òjò tí kò rọ̀ bá dí wa lọ́wọ́, àti ẹni tí yóò san án bí a bá kú. Bí ìwé náà bá jẹ́ èdè Faransé tí kò yé wa dáadáa, kí a mú ọmọ tó kàwé dání, kí ó kà á fún wa ní Yorùbá láti òkè dé ilẹ̀.

Ìjọba lè gbọ̀wọ́ fún owó. Ààlà ilẹ̀ nìkan ni kò lè jẹ́rìí sí fún wa, nítorí ọ̀dọ̀ àwọn àgbà wa ni ẹ̀rí yẹn wà, ọjọ́ orí wọn sì ń lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ yìí, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa yóò lọ sílé fún ayẹyẹ ìparí ọdún, ẹ mú ìwé àti kálámù dání.